Irun Magdalene

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kó dákẹ́ ná. Ọ̀rọ̀ tí Rùkáyàt Oyèníran ti gbé mì láti ọjọ́ yìí wá ti fẹ́ jáde, bí kò bá sì jáde, ó máa pa á ni. Ọlọ́pàá kò mú un. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Mẹ́kà ló ń lọ, ọjọ́ tó máa wọ bàálù ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun bá gbé ẹrù yìí yí Káábà ká, ẹrù náà ni òun máa gbé bọ̀ wá sílé. Ọjọ́ Àìkú ni, ní gbọ̀ngàn kékeré tí ẹgbẹ́ àsàlátù wọn ń lò lẹ́yìn Rye Lane ní Peckham, London, níbi tí òórùn ẹja àwọn ọlọ́jà máa ń bá àwọn obìnrin wọlé àdúrà. Gbogbo wọn ti wọ funfun. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá ń lọ Hájì á dìde, á ní bí òun bá ti ṣẹ ẹnikẹ́ni, kó foríjì òun, gbogbo ilé á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn ti foríjì í, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé ìrẹsì jáde. Rùkáyàt dìde. Kò tí ì sọ gbólóhùn náà parí tí wọ́n fi dá a lóhùn. Ó gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ gba àforíjì yín padà,” ló wí. “Ẹ ò tí ì mọ ohun tí ẹ foríjì.”

Àmírà ọmọ rẹ̀, tó ti gbé fóònù sókè láti ya ìyá rẹ̀ ní fídíò, rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Àlhájà Sìdíkàt tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ fa àga kan fún Rùkáyàt. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò.

Iṣẹ́ care, ìyẹn títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, ni Rùkáyàt ń ṣe, bíi ti ìdajì àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn. Agency kan ló fi í sọ́dọ̀ Miss Pascoe ní Nunhead, òyìnbó arúgbó kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe tíṣà, tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, tó sì ń dá gbé inú ilé tí ìwé kún dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ojú ìyá náà ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé ju tèmi tìrẹ lọ. Látìgbà tí Rùkáyàt ti débẹ̀ ló ti ń gbọ́ Magdalene, Magdalene. Magdalene kò ní fẹ́ báyìí. Magdalene ló máa ń gba òpópónà yìí kọjá. Ọmọlúàbí ẹ̀dá, Rùkáyàt rò pé àlejò ń bọ̀, ó gbé ife tíì méjì jáde lọ́jọ́ kan. Miss Pascoe rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Magdalene ti kú láti ayé Ọbabìnrin Victoria.

Magdalene Hurrell ni ìyá tó bí ìyá-ìyá Miss Pascoe, ìtàn àròsọ ló sì ń kọ. Peckham ló gbé, nígbà tí oko ẹ̀fọ́ ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù báyìí. Ọkọ rẹ̀ ń wúkọ́, kò lè ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ń ké, òun sì ń kọ̀wé lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé àlùbọ́sà. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ti kú ló fi sára àwọn ìwé náà, nítorí pé àwọn tó ń bá a tẹ̀wé kò fẹ́ orúkọ obìnrin. Miss Pascoe wá ń kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ó fẹ́ kí orúkọ Magdalene padà sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí òun tó kú. Nítorí ojú tó ń ṣú yẹn, Rùkáyàt ló máa ń ka àwọn ìwé Magdalene sókè fún un lọ́sàn-án. Gẹ̀ẹ́sì Ìsẹ́yìn ni Gẹ̀ẹ́sì Rùkáyàt, ṣùgbọ́n ìyá náà ní ohùn rẹ̀ dùn létí òun. Èyí tó fẹ́ràn jù nínú àwọn ìwé ọ̀hún ni ti ọmọ-ọ̀dọ̀ kan tó ń jẹ́ Susan. Olórí àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ jí ife fàdákà, ó di ẹ̀bi rẹ̀ ru Susan, wọ́n sì kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ń kó àwọn arúfin lọ láyé ọjọ́un. Nígbà tí ìwé ń parí lọ, orí kan wà tí olórí ọmọ-ọ̀dọ̀ náà ti jẹ́wọ́, tí kò sì rí ẹni tó máa foríjì í. Àwọn tó ń tẹ̀wé ní kí Magdalene yọ orí yẹn kúrò, pé inú àwọn òǹkàwé kò ní dùn sí i. Ó ní bí wọ́n bá yọ ọ́, kí wọ́n yọ gbogbo ìwé. Ebi ń pa á nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀ o. Miss Pascoe kì í sọ ìyẹn kó má lu tábìlì.

Píìnì wúrà kan sì máa ń wà ní àyà aṣọ Miss Pascoe, tó ní gíláàsì lójú bíi ti aago. Rùkáyàt rò pé òwú ni wọ́n hun sínú rẹ̀. Ọjọ́ tó fẹ́ nù ún ló rí i pé irun ènìyàn ni. Irun Magdalene ni. Ọmọ rẹ̀ ló gé e lórí rẹ̀ nígbà tó kú, bí òyìnbó ayé ìgbà náà ṣe máa ń ṣe láti fi rántí òkú wọn. Bí Miss Pascoe bá ti jí, á fọwọ́ kan píìnì náà, á kí Magdalene káàárọ̀. Ẹ bá mi dá a. Èwo nínú wa ni ìyá rẹ̀ kò kọ́ pé irun tó bá ti yà, kó ṣà á jọ, kó má bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn? Síbẹ̀ Rùkáyàt mú un mọ́ra, ó kàn ń ka Áyátù Kúrúsíyù sínú kó tó kan ilẹ̀kùn ni. Àfi lọ́jọ́ tí ìborùn rẹ̀ yọ̀ sẹ́yìn. Miss Pascoe sún mọ́ ọn, ó wo irun rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Rùkáyàt, ṣé o máa fún mi ní díẹ̀ nínú irun rẹ? Mo fẹ́ kí tìrẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Magdalene.”

Ìfẹ́ ni ìyá náà fi hàn. Kò sí ohun tó níyì tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè fi bu ọlá fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ara Rùkáyàt bù máṣọ. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn, ó ní òun á rò ó wò. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ gbéra, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Àmírà fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ìyá rẹ̀ sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ irun. Kò bi ẹnikẹ́ni. Kò bi Miss Pascoe pé ẹ jọ̀wọ́, Miss, kí lẹ máa ń fi irun ṣe? Ìbéèrè kan péré ni, kò sì bi í.

Lọ́jọ́ tó ṣe é, Miss Pascoe ń sùn lórí àga, ó ti bọ́ súwẹ́tà tí píìnì wà lára rẹ̀. Rùkáyàt yọ píìnì náà, ó fi ọ̀bẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé irun náà sórí iná gáàsì. Ó ń ka àdúrà bó ti ń jó. Òórùn rẹ̀ gba ilé ìdáná kan, ó tan fáànù, ó ṣí fèrèsé. Ó ní kí òun má parọ́, ara òun fúyẹ́ nígbà náà, bíi ti ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀. Ìgbà tó wo wúrà tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni àyà rẹ̀ tó já. Bí olè bá wọlé, wúrà ló máa gbé. Ta ló máa mú irun, tó máa fi wúrà sílẹ̀, bí kì í bá ṣe ènìyàn bíi tirẹ̀ tí irun ń bà lẹ́rù? Ó ní òun á sọ ọ́ sínú adágún omi Burgess Park bí òun bá ń relé. Ó sáré jù ú sínú àpò kóòtù dúdú tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àbáwọlé. Kóòtù náà kì í sì í ṣe tirẹ̀. Tinúadé, ọmọbìnrin ará Ìkirè tó máa ń gba shift lọ́wọ́ rẹ̀, ti wọlé, Rùkáyàt kò gbọ́ nítorí ariwo fáànù, ó sì ti fi kóòtù tirẹ̀ kọ́ sórí ti Rùkáyàt kó tó lọ jókòó ti ìyá náà. Ìsọ̀ kan náà ní Rye Lane ni wọ́n ti jọ ra kóòtù ọ̀hún. Rùkáyàt ló tilẹ̀ mú ọmọ náà lọ síbẹ̀, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí òtútù ń pa á.

Nígbà tí Rùkáyàt ń relé, Tinúadé ló yọ kóòtù Rùkáyàt lábẹ́ tirẹ̀, tó gbé e fún un. Rùkáyàt dé etí omi kó tó ki ọwọ́ bọ àpò. Kò bá nǹkan kan. Ó tú àpò kejì, ó tú báàgì, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sì yé e. Ó lè padà. Ó lè pe Tinúadé lórí fóònù. Ó lọ sílé, ó lọ se ọbẹ̀.

Nígbà tó fi máa dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilé ti dàrú. Miss Pascoe ti pe agency pé òun kò rí píìnì òun, máníjà wọn tó ń jẹ́ Jordan ti dé, Tinúadé náà wà níbẹ̀. Jordan ní kí àwọn méjèèjì kó ohun tó wà lápò wọn síta. Ẹ̀rù kò ba Tinúadé rárá. Ó tilẹ̀ ń bá Jordan ṣẹ̀fẹ̀ pé tíṣù àti gúgúrú ló máa bá ńbẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó fa tíṣù jáde, píìnì tẹ̀ lé e, ó bọ́ sórí pákó. Miss Pascoe ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó fi ìka tú inú rẹ̀ wò, ó tún tú u wò.

“Wúrà nìyí,” ló wí. “Magdalene dà?”

Tinúadé yíjú sí Rùkáyàt. “Àǹtí mi, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí.”

Gbogbo ojú wá wà lára Rùkáyàt. Ẹ̀yin èèyàn mi, irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dá máa ń mọ ẹni tí òun ń jẹ́. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí Jordan lè gbọ́, pé òun kì í yẹ àpò ẹlòmíràn wò, òun kò sì mọ bó ṣe débẹ̀. Tinúadé kó tíṣù rẹ̀ padà sápò. Miss Pascoe bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má pe ọlọ́pàá, wọn kò sì pè é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, orí iṣẹ́ yẹn sì ni físà rẹ̀ wà. Kí ìgbà òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti padà sí Ìkirè, sọ́dọ̀ ọmọ kékeré tó ti ṣèlérí fún pé òun á mú wá sí London.

Rùkáyàt gba omi mu níbí yìí. Ó ní bí wọ́n bá rò pé ìyẹn ló burú jù, kí wọ́n má tí ì ṣe họ̀ọ̀. Nígbà tí kò sí irun mọ́, ìwé nìkan ló kù fún Miss Pascoe láti dì mú. Ó ní kí Rùkáyàt tún ìtàn Susan kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ló bá di pé ojoojúmọ́ ni Rùkáyàt ń jókòó ka ìwà ara rẹ̀ síta. Ó ka ibi tí wọ́n ti ká ife mọ́ Susan lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ìyá náà sì yìn ín pé ó kà á dáadáa. Ó ka ibi tí Susan ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó wá dé orí tí olórí ọmọ-ọ̀dọ̀ ti jẹ́wọ́, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ó ka gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú, ó rí i pé kò lè jáde. Ó ṣí gbogbo orí náà kọjá, ó bọ́ sí òdìkejì, ó ń kà lọ. Miss Pascoe gbé orí sókè.

“Dúró ná. Orí kan wà níbẹ̀.”

Rùkáyàt ní kò sí. Ìyá náà ní ó wà, orí tí wọ́n fẹ́ yọ, tí Magdalene kọ̀. Rùkáyàt tún wo ojú rẹ̀, ó ní, “Miss, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bóyá ìwé mìíràn lẹ ń rò.”

Ìyá náà gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ imú, kò rí nǹkan kan, ó dá a padà. Ó ní kí Rùkáyàt má bínú, ó jọ pé ọpọlọ òun ló ti ń lọ. Ọpọlọ tí kò lọ síbì kankan! Ohun tí àwọn atẹ̀wé kò rí Magdalene mú ṣe, Rùkáyàt fi ìka méjì ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni Miss Pascoe kò ti gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Bó bá fẹ́ dárúkọ ọjọ́ òní, á kọ́kọ́ bi Rùkáyàt. Bó bá fẹ́ sọ ibi tí wọ́n sin Magdalene sí, á ní bóyá òun ṣì í. Ó pa ìwé tó ń kọ tì, ó ní ẹni tí kò rántí orí tó ṣe pàtàkì jù, kò yẹ lẹ́ni tó ń kọ ìtàn ẹnikẹ́ni. Rùkáyàt ń káwọ́ lẹ́rán wò ó, á bu oúnjẹ fún un, á wẹ̀ ẹ́, á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, gbólóhùn kan tó lè wo ìyá náà sàn sì wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò sọ. Ìgbàgbé gidi wá dé níkẹyìn, bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é. Wọ́n gbé Miss Pascoe lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Stockwell. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó fi ìwé Susan lé Rùkáyàt lọ́wọ́, ó ní kó bá òun tọ́jú Magdalene.

Rùkáyàt gbìyànjú láti tún un ṣe, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n fún un ní físà Hájì ni ẹ̀rù Ọlọ́run mú un, tó lọ wá agency láti lọ wẹ Tinúadé mọ́. Agency ti kógbá wọlé, ike fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí Jordan wà. Ló bá wá nọ́ńbà Tinúadé kiri, ó rí i, ó pè é ní Ìkirè. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Tinúadé jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Àǹtí,” ló wá wí, “mo gbóòórùn irun yẹn nígbà tí mo wọlé. Ọjọ́ tí píìnì bọ́ sílẹ̀ lápò mi ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi.”

Rùkáyàt bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

“Kí n wá sọ fún òyìnbó pé àgbàlagbà Yorùbá ń jó irun òkú lórí gáàsì? Gbogbo wa ni wọ́n máa sọ di àjẹ́. Mo ní àgbà ni yín, ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín. Mo dúró dè yín títí mo fi wọ bàálù.”

Ó ní òun ti foríjì í tipẹ́, kí òun lè rí oorun sùn ni. Ó wá fi pẹ̀lẹ́tù bẹ̀ ẹ́ pé kó má pe òun mọ́.

Ìtàn Rùkáyàt parí síbẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Ìrẹsì ti tutù. Àmírà ń sunkún, ó ń sọ ọ́ ní ohùn àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham, “Mummy, mi ò kàwé ni. Mi ò revise rárá. Kò sí irun kankan níbẹ̀.” Rùkáyàt mi orí, ó ní òun ti mọ̀. Ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó sẹ́yìn, tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní ohun tí kò bá yé wọn nílé onílé, kí wọ́n bèèrè, ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó ní bí wọ́n bá sì ti ṣìnà, kí wọ́n ké jáde lọ́jọ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò bá sọ ní àárọ̀, bó bá di alẹ́, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ lè má sí nílé. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n foríjì òun báyìí tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Àlhájà Sìdíkàt ló dìde gbé e sókè, ó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tàwọn, àwọn kò lè bá òyìnbó arúgbó foríjì ènìyàn. Ó bi í bóyá ó ti ka orí yẹn fún un. Rùkáyàt ní ìyá náà kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́.

“Mi ò bi ọ́ bóyá ó dá ọ mọ̀,” ni Àlhájà wí. “Lọ kà á fún un.”

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Stockwell. Miss Pascoe jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti rù, píìnì náà ṣì wà láyà rẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì tó ṣófo. Ó bi Rùkáyàt bóyá ó wá gé èékánná òun. Rùkáyàt kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun lòun jó irun Magdalene, òun lòun ju píìnì sápò ọmọ ọlọ́mọ, òun lòun fo orí ìjẹ́wọ́ nínú ìwé. Miss Pascoe dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó ṣènìyàn. Rùkáyàt wá ṣí ìwé. Ó ka orí náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó dé ibi tí olórí ọmọ-ọ̀dọ̀ ti dárúkọ Susan, ó rí i pé ètè ìyá náà ń mì, pé ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú òun. Ó kà á parí. Miss Pascoe yíjú sí i, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti àtijọ́, nígbà tó máa ń lu tábìlì.

“Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀,” ló wí.

“Ó wà níbẹ̀, Miss,” ni Rùkáyàt wí, omi ti gba ojú rẹ̀. “Ọpọlọ yín pé. Èmi ni mo parọ́. Ẹ jọ̀wọ́, Miss, ẹ foríjì mí.”

Miss Pascoe fọwọ́ kàn án lórí ìborùn, ó ya ẹnu bí ẹni tó fẹ́ dáhùn. Àwọn tó ń pín tíì kọjá lọ ní ẹnu ọ̀nà, ó yíjú wò wọ́n. Nígbà tó tún fi máa kọjú sí Rùkáyàt, ẹ̀rín àlejò ló wà lójú rẹ̀. Ó rí ìwé tó wà ní ṣíṣí lórí itan Rùkáyàt, ó fọwọ́ pa á, ó dijú díẹ̀. Ó rọra bi í, bí ẹni tí kò fẹ́ yọ ènìyàn lẹ́nu, bóyá orí kan kò kù níbẹ̀.

Rùkáyàt ní ó kù, Miss, ó sì ṣí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀.